Ojú Lọ̀lẹ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìfòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí kan rẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ kò lè gbà á padà mọ́ láéláé, nítorí náà ìjókòó yín níwájú mi kì í ṣe ohun kékeré.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí kálukú ronú kan iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti ń sún síwájú. Ẹ má sọ ọ́ jáde. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan tí ẹ kò tíì kọ. Ó lè jẹ́ àyẹ̀wò ara tí ẹ ti ń sọ pé ẹ máa lọ ṣe. Ó lè jẹ́ gbèsè tó yẹ kẹ́ ẹ jókòó ṣírò, tàbí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kẹ́ ẹ bá ẹnìkan sọ, tí ẹnu ò gbà láti sọ. Ṣé ẹ ti rí i? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín títí a ó fi parí, torí òun gan-an ni mo bá wá.

Kí là ń pè bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ti fún àrùn yìí lórúkọ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ìfòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la. Ẹ fetí sí bí orúkọ náà ṣe ń dún: òní, òní tún ni, ọ̀la, ọ̀la tún ni. Ó ń dún bí ìrìn ẹni tó ń yí po lójú kan. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà, inú "ọ̀la" ni wọ́n ti yọ orúkọ tiwọn. "Cras" ni wọ́n ń pe ọ̀la ní èdè Látìn, inú rẹ̀ sì ni "procrastination", ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un títí dòní, ti wá. Kí ni mo fà yọ níbẹ̀? Pé kì í ṣe fóònù ló bí àrùn yìí. Àwọn tó fún un lórúkọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn kò ní fóònù, wọn ò ní tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ wọ́n ń sún iṣẹ́ síwájú bíi tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe gbogbo ìdúró ni ìfòní-dónìí. Ẹ wo Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1838 ló ti rí kókó èrò rẹ̀ nípa bí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọdún 1859 ni ìwé tó fi gbé e síta jáde. Ọdún mọ́kànlélógún! Ṣé ó ń fòní dónìí ni? Nínú àwọn ọdún yẹn, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lórí àwọn ẹ̀dá inú òkun kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta àti ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí ló ń kó jọ. Iṣẹ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 1858, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ Alfred Russel Wallace, ẹni tó ti lọ ń ṣèwádìí ní òkèèrè. Òun náà ti rí èrò kan náà! Ìwé tí ogún ọdún kò gbé jáde wá jáde kí oṣù méjìdínlógún tó pé. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó dá Darwin dúró, mi ò sì fẹ́ dá a lẹ́jọ́.

Ara mi ni mo ń dá lẹ́jọ́, ìbéèrè tí mo sì fi ń ṣe é nìyí: lónìí, ṣé iṣẹ́ náà fi ìwọ̀n kékeré kan kúrò níbi tó wà lánàá? Tó bá kúrò, sùúrù ni. Tí kò bá kúrò, tí mo mọ̀ pé dídúró rẹ̀ máa pa mí lára, tí mo sì tún fọwọ́ ara mi sún un di ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi pè é ní sùúrù.

Kí là ń sá fún?

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọ̀lẹ ni wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti gbọ́ ọ títí etí yín fi kún. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo ẹni tó ní ìwé tó yẹ kó kọ. Ó fọ gbogbo aṣọ tó wà nílé. Ó gbálẹ̀, ó nu fèrèsé, ó tún àpótí aṣọ tò, ó dá gbogbo ẹni tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i lóhùn. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, ẹ̀yìn ti ń ro ó. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn? Ọ̀lẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Onítọ̀hún ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kò ṣe.

Kí wá ni? Àwọn onímọ̀ méjì nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, kọ àlàyé kan ní 2013 tó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju gbogbo ìbáwí tí mo ti gbọ́ rí lọ. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ là ń sá fún. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí lára wa là ń sá fún. Ẹ̀rù pé kò ní dáa tó. Ìtìjú pé ó ti pẹ́ jù. Àìmọ ibi tí a ó ti gbá a mú. Sísú tó ń súni. Nígbà mìíràn ó tún lè jẹ́ ìbínú sí ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fúnni. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ pé "ó dọ̀la". Lójú ẹsẹ̀, ara á tù yín. Èjìká á wálẹ̀. Èémí á lọ sílẹ̀. Ìtura yẹn, owó iṣẹ́ ni o! Ara ń san owó fún yín nítorí pé ẹ sá. Ohun tí wọ́n bá sì ń sanwó fún, a kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọ̀la dé, ara tún ní ká sá, kó tún sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò dúró lójú kan, ó ń dàgbà sí i lẹ́yìn wa. Ẹni tí nǹkan kan ń dùn nínú ara rẹ̀, tó ń sọ pé "bí mi ò bá lọ wò ó, mi ò ní gbọ́ ohun búburú", ṣé àìsàn náà gbọ́ pé wọ́n ti sún òun síwájú? Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwọn àgbà tún ní gbólóhùn kékeré kan, ọ̀rọ̀ méjì péré: ojú lọ̀lẹ. Mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ojú lọ̀lẹ! Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó yé mi. Ojú ló máa ń rí gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ̀rù á bà á. Ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ò mọ ju ohun tó dì mú lọ. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ojú bóyá iṣẹ́ ṣeé ṣe, á ní rárá. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ bi.

Lẹ́tà tí mi ò kọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní olùkọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìwé kíkà ò tètè wọlé sí mi lára. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀, ahọ́n mi á lọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ mi máa ń dá mi dúró lẹ́yìn tí àwọn tó kù bá ti lọ. Á fi ìka rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, á wá máa sún ìka náà díẹ̀díẹ̀. "Má wo gbogbo rẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Sílébù kan lẹ́ẹ̀kan." Bí mo ṣe mọ̀wé kà nìyẹn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dúró níwájú èèyàn sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí mo dàgbà, ó wù mí kí n kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí i. Mo wá àdírẹ́sì rẹ̀ títí mo fi rí i. Mo ra bébà tó dára. Mo wá ń dúró de ọjọ́ tí ọkàn mi máa pa pọ̀, torí mo fẹ́ kí lẹ́tà náà dára tó oore tó ṣe mí. Ẹ gbọ́ mi o: ìfẹ́ ni mo fi ń dá a dúró. Mi ò kórìíra iṣẹ́ náà, mi ò sì gbàgbé ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan. Mo kàn fẹ́ kó dára jù. Ọdún kan kọjá. Ọdún kejì kọjá. Ẹni bá bi mí, màá ní "mi ò tíì ráyè ni". Ọdún kẹrin là ń bá lọ nígbà tí wọ́n pè mí pé ó ti lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà náà. Nígbà tí mo parí, mo wo aago. Ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí mo gbé kọ́rùn fún ọdún mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú ló gbà. Lẹ́tà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí mo máa fi ránṣẹ́ sí.

Ta ló ni wákàtí rẹ?

"Mi ò ráyè." Ta ni kò tíì sọ ọ́ rí níbí? Ṣé àyè wá jẹ́ ohun tí à ń rí he ni? Ṣé ó máa ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹni tó bá ríre kọjá ṣa á? Àyè, lílà là ń là á sílẹ̀, bí a ṣe ń la ọ̀nà. Látìgbà tí mo ti kọ lẹ́tà yẹn ni mo ti pàrọ̀ gbólóhùn náà lẹ́nu ara mi. Mi ò ní "mi ò ráyè" mọ́. Mo máa ń ní "mi ò la àyè sílẹ̀ fún un". Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ máa rí bó ṣe ń dun ẹnu. "Mi ò ráyè lọ wo ìyá mi" rọrùn láti sọ. "Mi ò la àyè sílẹ̀ fún ìyá mi" ńkọ́? Òótọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi ẹ̀bi lé àkókò lórí, èkejì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí 168 ni. Olówó ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, tálákà ò ní dín. Ẹ yọ wákàtí mẹ́jọ lóru kọ̀ọ̀kan fún oorun, 56 nìyẹn. Ẹ yọ 40 fún iṣẹ́ òòjọ́. Ó ku 72. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn wọn, àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan ní ọmọ ọwọ́. Nínú 72 yẹn, bóyá ni ogún máa kù fún wọn. Mi ò ní dúró síbí kí n sọ fún irú wọn pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò, torí irọ́ ni, ìkà sì ni. Ṣùgbọ́n bó jẹ́ ogún, bó jẹ́ márùn-ún péré, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ín? Mo bẹ̀ yín, fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ máa kọ ohun tí ẹ fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀. Ẹ má fi bá ara yín jà. Ẹ kàn kọ ọ́. Nígbà tí mo ṣe é, wákàtí méjì àbọ̀ lójúmọ́ ni mi ò lè sọ ibi tó wọlé sí, bẹ́ẹ̀ lójú mi, ọwọ́ mi kún dẹ́nu.

Ohun kejì tó ń jí wákàtí wa gbé ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú ọ̀la. Ní 1994, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Buehler, Griffin àti Ross, gbé ohun kan síta. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà wọ́n. Tí a bá pín in dọ́gba, wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé tí gbogbo nǹkan bá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí 49. Iye ọjọ́ tó gbà wọ́n gan-an súnmọ́ 56. Àní ọjọ́ tí wọ́n rò pé ó burú jù, kò burú tó! Ẹni tí à ń retí lọ́la, a máa ń rò pé ó ní agbára ju èyí tó jókòó lónìí lọ. A rò pé kò ní rẹ̀ ẹ́, kò ní ní ìdààmú, ẹnikẹ́ni ò ní pè é lórí fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó máa jí lọ́la, ìwọ yìí náà ni.

Ọwọ́ ni ká bi

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn kan máa retí pé kí n dárúkọ áàpù tàbí ìwé àkọsílẹ̀ tó dára jù. Kálukú ló mọ èyí tó bá a lára mu, mi ò ní jókòó tì í. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé kí iṣẹ́ yín ní ibùjókòó, kó sì ní aago. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Milne, Orbell àti Sheeran pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2002. Eré ìdárayá ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Àwọn àkọ́kọ́, wọn ò fún wọn ní ìṣírí kankan: 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe é. Àwọn kejì, wọ́n kìlọ̀ fún wọn gidi nípa àrùn ọkàn, wọ́n sọ èrè eré ìdárayá fún wọn: 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkìlọ̀ kò fi nǹkan kan kún un! Àwọn kẹta gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti máa ṣe é sílẹ̀. 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé e yẹ̀ wò, ẹ̀yin òbí tí à ń wàásù fún ọmọ látàárọ̀ dalẹ́. Ìwàásù kọ́ ni ọmọ náà ṣe aláìní. Ibo ni? Aago mélòó ni?

Tí aago náà bá wá lù, ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ sójú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ gé e kéré títí ojú ò fi ní rí ohun tó máa bà á lẹ́rù mọ́. Tó bá jẹ́ ìwé ni, ẹ kọ ọjọ́ òní sórí bébà àti orúkọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò ara, ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ máa pè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Sílébù kan lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ mi ti fún mi ní oògùn àrùn yìí látìgbà ọmọdé mi, mi ò mọ̀ pé kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ló wà fún.

Ẹ tún ti ilẹ̀kùn tí ẹ máa ń gbà sá. Victor Hugo, òǹkọ̀wé ará Faransé, ti ṣàdéhùn ìwé ìtàn kan pẹ̀lú òǹtẹ̀wé rẹ̀ láti 1828. Títí di àárín ọdún 1830, ìwé ò tíì sí. Òǹtẹ̀wé yarí, ó fún un ní gbèdéke. Ìyàwó Hugo ló ròyìn ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe: ó ra ìgò tàdáà kan àti aṣọ òtútù ńlá kan tó bò ó látòkè délẹ̀, ó sì ti gbogbo aṣọ ìjáde rẹ̀ mọ́ àpótí kó má bàa rí ohun tó máa wọ̀ jáde. Ìwé náà parí ní oṣù kìíní ọdún 1831. Kò gbára lé pé ọkàn òun le. Ó mọ ọ̀nà tí òun ń gbà sá, ó sì dí i. Ẹ̀yin náà mọ tiyín. Tó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn, ẹ má kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Ohun kan tó kù, mi ò lè kúrò níbí láì sọ ọ́. Ẹni tó ti jáfara tẹ́lẹ̀, ẹ dárí ji ara yín. Ní 2010, Wohl, Pychyl àti Bennett tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní láti ìdánwò kan dé èkejì. Àwọn tó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n dárí ji ara wọn, kò falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà ìdánwò kejì. Kí ló fà á? Ẹni tó ń na ara rẹ̀ ní pàṣán nítorí iṣẹ́ kan, gbogbo ìgbà tó bá fojú kan iṣẹ́ náà ni ẹgbò yẹn á máa ta á, á sì tún sá. Ó pẹ́ kí n tó dárí ji ara mi lórí lẹ́tà yẹn. Ọjọ́ tí mo ṣe é ni mo tó lè kọ òmíràn, sí àwọn tó ṣì wà láàyè. Mọ́kànlá ni mo ti kọ.

Wọ́n fún mi ní wákàtí kan lórí àga yìí. Aago tó wà lára ògiri yẹn sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dá ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà padà fún yín. Bébà wà lábẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, bírò náà wà níbẹ̀; ẹni tí kò bá rí, kó na ọwọ́ sókè, wọ́n máa gbé e wá. Iṣẹ́ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ sílébù rẹ̀ àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìpè ló yẹ kó pe ẹnìkan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ẹ jáde lọ pè é, a ò ní bínú. Èmi náà ní ọ̀kan, ìkejìlá. Mo ń jókòó lọ kọ ọ́.